Bí "Off" Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Ìṣe ní Igbóbì

Ẹni tó bá gba Ìkòròdú Road láti Jíbówú dé Fádéyì, tó sì yà wọ inú Ṣómólú, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ kí ọ̀gá kan sọ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé "off the gen", tàbí kí ìyá kan ní kí ọmọ òun "on the light". Àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀mọ̀wé a máa fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní "switch off" ni Òyìnbó ń wí, pé "off" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, àìkàwé ló fà á. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo irú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó wá bá wa, tí a sì wo bí Yorùbá ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó rí i pé ọgbọ́n wà nínú ohun tí ọ̀gá yẹn sọ, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fura.

Ilé ìwòsàn eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, fún ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Igbóbì, tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ní 1932 ni ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pawọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wọn: CMS Grammar School ti wà ní Èkó láti 1859, Methodist Boys' High School láti 1878. Gẹ̀ẹ́sì Bíbélì, ti ìwé àdúrà àti ti ìdánwò ló jọba ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ló ti wá. Ẹnu àwọn Òyìnbó, nínú ilé àti lójú pópó, ni "up", "off", "out" àti "in" ti ń so mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kéékèèké jù: "get on", "put up with", "make out". Samuel Johnson (kì í ṣe àlùfáà Ọ̀yọ́ tó kọ ìtàn wa, ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo ń wí) ti sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ ní 1755 pé ibẹ̀ gan-an ni èdè náà ti ń le jù fún àjèjì. Síbẹ̀, ó di 1925 kí Logan Pearsall Smith tó lo "phrasal verb" nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní Henry Bradley ló dábàá orúkọ náà fún òun. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni Igbobi College ṣí. Ìwé atúmọ̀ A. S. Hornby, tó ń fi han akẹ́kọ̀ọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ń bá rìn, Oxford kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1948. Ohun tí àwọn tó ni èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ fún, báwo ni olùkọ́ ṣe fẹ́ là á yé ọmọ kíláàsì?

Nígbà tí iṣẹ́ Samuel Ajayi Crowther lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal ti Sàró ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Ó ṣàkíyèsí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tirẹ̀. Òótọ́ ni: igi a ga fíofío, ata a pọ́n ròrò, ilé a mọ́ tónítóní, kò sí ẹni tí í sọ pé igi ga ròrò. Nítorí náà, a kò ṣàìmọ bí a ti ń so ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe rí, àti bó ṣe tó, ni àpọ́nlé wa wọ̀nyẹn ń sọ. Bó bá di ká sọ ibi tí nǹkan kọrí sí, ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn là ń pè wá: gbé e wá, gbé e lọ, gbé e jáde, gbé e kúrò. Iṣẹ́ tí Òyìnbó fún "out" àti "away", ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn wa náà kò pọ̀. "Ní" àti "sí" ló ń ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn bóyá "fún" àti "pẹ̀lú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe.

Ẹ wá fi èyí wo iná mànàmáná. Pa iná, tan iná: ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, ó parí. Nínú "switch off" àti "switch on", "switch" kò yí padà. "Off" àti "on" ló ń sọ bóyá òkùnkùn là ń fẹ́ tàbí ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí èdè rẹ̀ ti kọ́ pé inú ọ̀rọ̀ ìṣe ni irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé yóò fi "switch" sílẹ̀, yóò sì gbé "off" sí ipò ìṣe. Wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ di "offed" bó bá ti kọjá. Ó ti wọ Yorùbá pàápàá: "Fóònù mi ti off" kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni ní Bàrígà.

Ẹ̀sùn àìkàwé ńkọ́? Ayọ̀ Bánjọ, ọmọ Igbobi College tó di onímọ̀ èdè àti gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, ti fi gírámà Gẹ̀ẹ́sì wé ti Yorùbá nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1969. Ní 1971 ó pín Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà sí ìpele mẹ́rin, láti èyí tí èdè abínibí bò mọ́lẹ̀ dé èyí tí kò yàtọ̀ sí ti Òyìnbó rárá. Ìpele kẹta, tí gírámà rẹ̀ bá ti Òyìnbó mu ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ jẹ́ tiwa, ló ní ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo fara mọ́ ọn ní ti ìwé kíkọ. Àmọ́ "off the gen" kò jókòó sí ìpele kan ṣoṣo: lọ́yà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ìpele kẹta ní kóòtù a máa sọ ọ́ bó bá délé.

Àtakò tó le jù ni pé Ígbò àti Haúsá náà ń sọ ọ́, pé wọ́n ń sọ ọ́ ní Gánà, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Singapore. Èyí gba kí n dín ẹnu kù: Yorùbá nìkan kọ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n Singapore gan-an ló gbè mí. Èdè Ṣáínà tó gbilẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún títan iná, òmíràn fún pípa á, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ibi méjì tí wọn kò bára wọn ṣèpàdé gba ọ̀nà kan náà.

Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń fi kún ibi tí Òyìnbó kò fi wọ́n sí: "discuss about", "voice out". Àlàyé mi kò kan ìwọ̀nyí, n kò sì ní fipá mú un kàn wọ́n. Ní Íńdíà náà ni wọ́n ti ń sọ "discuss about", kò sì ṣòro láti rí orísun rẹ̀: "talk about" jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, "speak out" náà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rí àpẹẹrẹ, ó tẹ̀ lé e kọjá ibi tí àwọn tó ni èdè ti dúró. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC bá fi bírò pupa kan náà fa igi lé "off the gen" àti "discuss about", àṣìṣe méjì tí orísun wọn kò jọra ló dà pọ̀ yẹn: Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló tan ọmọ náà nínú èkejì.