Ṣíìpù àfikún inú ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù

Ṣíìpù àfikún, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní modchip, ni ṣíìpù kékeré tí a ń fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù kí ó lè ṣí gẹ́ẹ̀mù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kò fọwọ́ sí. Ọ̀nà méjì ni a fi ń rí i: àfọwọ́ṣe àti èyí tí a rà ní ṣíṣe tán.

Ìbẹ̀rẹ̀
PlayStation ti Sony, tó dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 1995, ló sọ ṣíìpù yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Síìdì ojúlówó ní àmì lẹ́tà mẹ́rin: SCEI ti Japan, SCEA ti Amẹ́ríkà, SCEE ti Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí a rà ní Atlanta ń wá SCEA. Kò ní ṣí síìdì tí a rà ní London, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Ẹ̀rọ ìdàkọ síìdì kò sì lè kọ àmì náà, ni àdàkọ kò ṣe ń ṣí. Ṣíìpù ló ń fi àmì tí ẹ̀rọ ń retí ránṣẹ́ sí i, bí ẹni pé ara síìdì ló ti wá.

Àfọwọ́ṣe àti èyí tí a rà
PIC12C508 ti ilé-iṣẹ́ Microchip, ẹlẹ́sẹ̀ 8, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lò. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a fi ń kọ kóòdù sínú rẹ̀ lè ṣe é nílé. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà kò yàtọ̀ sí i. Ìrọ̀rùn ni olùrà rí gbà, ìmọ̀ sì ni ti ẹni tó ṣe é. Nígbà tí àwọn gẹ́ẹ̀mù kan bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àmì náà ṣì ń wọlé lẹ́yìn tí gẹ́ẹ̀mù ti ṣí, ẹni tó mọ kóòdù kọ èyí tó ń dákẹ́ lásìkò. Olùrà ní láti ra òmíràn.

PlayStation 2 mú kí wáyà pọ̀ sí i, ọjà sì borí. Ní 2020, ẹgbẹ́ Team Xecuter gbé ṣíìpù SX Core jáde fún Nintendo Switch. Lọ́dún náà ni wọ́n mú Gary Bowser, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 40. Ní 2023, Picofly, tó ń lo ṣíìpù RP2040 olówó pọ́ọ́kú ti Raspberry Pi, dá àfọwọ́ṣe padà.

Òfin
Ní oṣù Kẹwàá 1998, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin DMCA, tó ka jíjá ààbò bí ti àmì síìdì yẹn léèwọ̀, àti ṣíṣe ohun èlò tí a fi ń já a, kíkó o wọ̀lú àti títà á. Àfọwọ́ṣe kò yọ sílẹ̀. Láti 2021, ìyọ̀ǹda wà fún ẹni tó ń tún ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka síìdì ṣe, bí ó bá dá ààbò náà padà. Kò kan títa ṣíìpù.