Ohùn Alágbàṣe nínú Ewì Piers Atúlẹ̀

Ọ̀dọ̀ Geoffrey Chaucer ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé máa ń gbà lọ nígbà tí wọ́n bá ń wádìí bí àwùjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, nítorí pé nínú ìwé rẹ̀, Àwọn Ìtàn Canterbury, ni jagunjagun ẹlẹ́ṣin, oníṣòwò, àlùfáà, ọlọ́lọ àti obìnrin tí ó ti fẹ́ ọkọ márùn-ún ti jọ ń rin ìrìn-àjò ìsìn. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọlá Chaucer. Ọ̀gá akéwì ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ti mẹ̀kúnnù tí ń fi òógùn ojú jẹun ni, William Langland, tí ó kọ Piers Atúlẹ̀, ni ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ìbáwí ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní 1348 sí 1349 pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ilẹ̀ náà, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oko wà, ọwọ́ tí yóò ro ó kò tó. Alágbàṣe wá di ẹni tí ń dá iye fún ara rẹ̀, títí àwọn aṣòfin fi pàṣẹ ní 1351 pé ọ̀yà kò gbọdọ̀ ju iye tí ó wà kí àrùn tó dé.

Inú ìjà ọ̀yà yìí ni Langland gbé Piers, atúlẹ̀ inú ewì rẹ̀, sí. Piers kó èrò jọ láti túlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn jókòó ti ọtí wọ́n ń kọrin, àwọn mìíràn ká ẹsẹ̀ kò bí arọ. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin kan nínú ewì náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá àpà kan wí, àpà kò kà á sí. Ni Piers bá ké pe Ebi. Ebi gbá àpà níkùn mú títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Kíá ni arọ dìde, afọ́jú ríran, àwọn tí ń pe ara wọn ní ẹni Ọlọ́run sì gé ẹ̀wù gígùn wọn kúrú, wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tí Ebi bèèrè oúnjẹ, kí ni Piers ní? Wàràkàṣì tútù méjì, ọ̀rá wàrà díẹ̀, búrẹ́dì ẹ̀wà àti èérí ọkà tí ó ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀, ewébẹ̀, àti màlúù kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Bí àwọn tálákà ti ń retí ìkórè nìyẹn.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọkà tuntun dé, Ebi sùn, alágbàṣe kò sì fẹ́ jẹ kábéèjì àná mọ́: ẹran tútù tàbí ẹja díndín gbígbóná ni ó ń bèèrè, ó sì ń bú ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ nítorí òfin tí wọ́n ṣe. Akéwì fẹ́ kí á dá a lẹ́bi. Síbẹ̀ akéwì náà ni ó jẹ́ kí á gbọ́ ẹ̀hónú alágbàṣe.

Ẹ wá wo atúlẹ̀ ti Chaucer: ó ń kó ìgbẹ́ ẹran lọ sóko, ó ń san ìdámẹ́wàá, ó ń ṣiṣẹ́ fún tálákà láìgba ọ̀yà, kò sì pa ìtàn kankan. Irú òṣìṣẹ́ tí àwọn olóko ń fẹ́ gan-an ni! Nígbà tí owó orí sì mú kí mẹ̀kúnnù dìde ní 1381, orúkọ Piers ni àlùfáà John Ball fi sínú ìwé tí ó fi ń ta wọ́n jí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń kọ́ni ní ewì Langland, ẹ fi òfin 1351 lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó lè kà wọ́n papọ̀.