Olivia de Havilland àti ìwé ọdún méje

Bí ènìyàn bá ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ṣé ó ti di ẹrú ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn? Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú adájọ́ ní ọdún 1943. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Olivia de Havilland ni orúkọ rẹ̀. Òṣèré sinimá ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Tokyo ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 1916. Ó ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sí California, ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló dàgbà sí.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 18, ilé iṣẹ́ sinimá tí wọ́n ń pè ní Warner Brothers gbà á síṣẹ́. Ní 1936, ó tọwọ́ bọ ìwé ọdún méje. Kò pẹ́ tó fi di olókìkí. Ó wà nínú sinimá ńlá ọdún 1939 nì, Gone with the Wind.

Ṣùgbọ́n ìwé náà le. Ọ̀gá ló ń yan iṣẹ́ fún òṣèré. Bí òṣèré bá kọ iṣẹ́ kan, wọn yóò dá a dúró láìsanwó. Wọn yóò sì fi iye ọjọ́ náà kún ẹ̀yìn ọdún méje. Ó wá dà bí ìwọ̀fà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dín gbèsè kù. Olivia kọ iṣẹ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbà tí ọdún méje pé, wọ́n ní ó ṣì ku bí oṣù mẹ́fà.

Olivia lọ bá agbẹjọ́rò. Ìyẹn fi hàn án nínú ìwé òfin California pé àdéhùn kò lè de òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ ju ọdún méje lọ. Ọdún méje wo? Ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n kà. Olivia ní rárá, bí gbogbo ayé ṣe ń ka ọdún ni kí wọ́n kà á.

Ẹjọ́ náà ni ín lára. Ilé iṣẹ́ náà kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n má gbà á síṣẹ́. Ó tó bí ọdún méjì tí kò fi ya sinimá, owó ẹjọ́ sì ń jáde lápò rẹ̀. Ní 1944, adájọ́ dá a láre. Ilé ẹjọ́ kejì, tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, tún dá a láre lọ́dún náà. Ní 1945, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California kọ̀ láti tún un gbọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Olivia padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gba Oscar, ẹ̀bùn ńlá àwọn òṣèré, ní 1947 àti ní 1950. Paris ló kú sí ní 2020, ní ẹni ọdún 104. Wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe òfin náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i. Olivia kọ́ ló ṣe òfin yẹn. Ó ti wà nínú ìwé kí ẹjọ́ tó dé. Ẹni tó ṣí ìwé tó sì kà á ló rí ọ̀nà jáde.