Ẹ̀fọ́ Àlejò Nínú Ìkòkò Guangdong

Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún ará Guangdong, ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ó ṣeé ṣe kó ní iná ló pa á. Lédè Cantonese tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, lou fo tong ni wọ́n ń pe irú ọbẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyẹn ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Kì í ṣe ọbẹ̀ òkèlè o. Omi ẹran tó mọ́ gaara ni, mímu ni wọ́n ń mu ún. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Inú ẹ̀fọ́ yẹn gan-an ni ìtàn wà. Ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ràn jù ni watercress, ẹ̀fọ́ tó ń hù nínú omi. Sai yeung choi ni wọ́n ń pè é. Choi ni ẹ̀fọ́. Sai yeung ni òkun ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ò rí nǹkan! Ọbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn kà sí ti ìyá àgbà, orúkọ àlejò ló wà nínú rẹ̀. Sai yeung yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe àwọn ará Pọ́túgà tó tẹ̀dó sí Macau lọ́dún 1557. Ní Mong Kok, ní Hong Kong, òpópónà kan ń jẹ́ Sai Yeung Choi. Ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n oko ẹ̀fọ́ yìí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Báwo ni àlejò ṣe wá di ọmọ onílé? Lójú àwọn ará Guangdong, ọbẹ̀ sún mọ́ àgbo. Oúnjẹ kan máa ń mú ara gbóná, òmíràn máa ń tù ú. Wọ́n ka watercress sí ẹ̀fọ́ tó ń tu ara, tó sì dára fún ikọ́. Bó ṣe rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn, ló bá jókòó.

Bí wọ́n ṣe ń sè é kò le, sùúrù ló gbà. Ẹ kó egungun ẹlẹ́dẹ̀ tó lẹ́ran lára sínú omi tútù, kẹ́ ẹ gbé e kaná. Tó bá ti hó fún bí ìṣẹ́jú 5, ìfófò á bo ojú omi. Ẹ da omi yẹn nù, kẹ́ ẹ ṣan egungun náà. A mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan, torí ta ló ń da omi ẹran nù? Àmọ́ ibẹ̀ ni mímọ́ gaara ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá a padà sínú omi tuntun pẹ̀lú atalẹ̀, kárọ́ọ̀tì àti èèpo tangerine gbígbẹ díẹ̀. Tó bá hó, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i; àwọn àgbà ibẹ̀ ní tó bá bọ́ sínú omi tí kò hó, á korò. Ẹ wá dín iná kù fún wákàtí 2. Tí iná bá pọ̀ jù, ọ̀rá á pò mọ́ omi, ọbẹ̀ á funfun bí omi ògì. Ìgbẹ̀yìn ni iyọ̀.

Macau tó jẹ́ ilé àwọn ará Pọ́túgà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Guangdong gbà jáde nílé. Láàárín 1847 sí 1874, nǹkan bí 125,000 ará Ṣáínà ni wọ́n kó lọ sí Cuba pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún 8. Wọ́n tan àwọn kan, wọ́n jí àwọn mìíràn gbé. Nínú oko ìrèké ni wọ́n ti bá àwọn ènìyàn wa, àwọn Lukumí tó wà lóko ẹrú títí di 1886. Lọ́dún 1858, ará Ṣáínà kan ṣí búkà kékeré sí Zanja ní Havana. Àdúgbò Ṣáínà ńlá ló dàgbà yí i ká.

Orí ayélujára kì í sinmi ìjà lórí ẹni tó ni oúnjẹ. Ata, àgbàdo àti gbágùúdá, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Ta ló máa wá sọ fún wa pé ògì àti láfún kì í ṣe tiwa? Àwa náà sì ní sai yeung choi tiwa: ọ̀pẹ òyìnbó. A ń pe òyìnbó mọ́ ọn lójoojúmọ́, a sì ń jẹ ẹ́ lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá tún ní oúnjẹ kan kì í ṣe tiwa torí ibi tó ti wá, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú ìkòkò tirẹ̀.