Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ìtàn Kan Láti Àdúgbò Wa

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ẹ̀jẹ̀ ríru ni a fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àìsàn ìrònú lásán ni, tàbí pé ẹni tí ó bá ní i yóò mọ̀ ọ́n lára: orí yóò máa fọ́ ọ, òòyì yóò máa kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí Peckham ni dókítà kan ti fi hàn, ní èyí tí ó lé ní 140 ọdún sẹ́yìn, pé ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ní i láìmọ̀. Ọmọ-ọmọ àjèjì tí ó wá ṣe àtìpó ní ilẹ̀ yìí sì ni dókítà náà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo bí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ìlù dùndún. Bí onílù bá fún ọsán rẹ̀ mọ́ra, awọ yóò le, ohùn yóò lọ sókè. Bí ó bá dẹ ọsán, awọ yóò dẹ̀, ohùn yóò wálẹ̀. Awọ kan náà ni, bí a ṣe fà á ni ó yàtọ̀. Ẹran ara wa náà rí bẹ́ẹ̀. Òpó ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde ní oríṣi fọ́nrán méjì: ọ̀kan ń nà bíi rọ́bà, èkejì le bí okùn, kì í jẹ́ kí òpó nà kọjá ààlà. Bí ọkàn bá tú ẹ̀jẹ̀ jáde, òpó yóò fẹ̀ díẹ̀ láti gbà á. Bí ọkàn bá sinmi, òpó yóò sún kì, yóò sì rọra ti ẹ̀jẹ̀ náà síwájú.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń fi agbára púpọ̀ ti òpó fún ọdún pípẹ́, fọ́nrán tí ń nà yóò máa já, èyí tí ó le yóò máa pọ̀ sí i. Ara òpó yóò nípọn, yóò sì gan. Òpó tí ó ti gan kò lè fẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ mọ́, nítorí náà gbogbo ipá ọkàn yóò máa bá àwọn òpó tín-ín-rín inú ọpọlọ àti kíndìnrín lọ tààrà. Báyìí ni ríru ń bí líle, tí líle tún ń bí ríru.

Ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Stephen Hales, àlùfáà ìjọ ní Teddington, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1733 pé òun ti ọ̀pá bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹṣin kan, ẹ̀jẹ̀ sì gùn ún lọ sókè ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ní 1827, Richard Bright ti ilé ìwòsàn Guy's, nítòsí London Bridge, tẹ ìwé jáde nípa àwọn tí ara wọn wú, tí kíndìnrín wọn sì ti bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, ó rí i pé ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tóbi jù. Èrò àwọn oníṣègùn ni pé kíndìnrín ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Guy's yìí kan náà, tí ó wà ní Southwark bíi Peckham tiwa, ni Frederick Akbar Mahomed ti ṣiṣẹ́. Brighton ni a bí i sí ní 1849. Bàbá bàbá rẹ̀, Sake Dean Mahomed, wá láti Patna ní Íńdíà. Òun ni ó ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà sí London ní 1810. Ọmọ-ọmọ yìí mú ẹ̀rọ kan tí Marey ará Faransé ṣe, èyí tí a ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ kí ó lè ya bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà, ó sì tún un ṣe. Ó wọ̀n àwọn tí ó ń ṣàìsàn, ó wọ̀n àwọn tí ara wọn dá. Ohun tí ó rí ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ń ru gidi, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì àrùn kíndìnrín kankan nínú ìtọ̀ wọn. Ríru ni ó ń ṣáájú. Ìbàjẹ́ ń tẹ̀ lé e. Ibà táífọ́ọ̀dù pa á ní 1884, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 35. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá lóde òní nígbà náà: Riva-Rocci ará Ítálì ṣe é ní 1896, Korotkoff ará Rọ́ṣíà sì kọ́ni ní 1905 bí a ṣe ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ní ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, tí ó wà láyé láti 1933 sí 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àìsàn yìí ní Ìbàdàn. Ó tẹ ìwé kan jáde ní 1972 lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 1997 wo àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú àgbàlagbà 100, àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní àwọn erékùṣù Káríbíà, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Bí iyọ̀ àti ìsanra ṣe ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé ibì kejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe àkọmọ́nà nìkan, ibi tí a ń gbé àti bí a ṣe ń gbé wà níbẹ̀. Ní gúúsù London wa níbí, ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 fi hàn pé rọpárọsẹ̀ ń kọlu àwa aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí ó ń kọlu àwọn aláwọ̀ funfun.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de orí fífọ́. Ní Íńgílándì, ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún, tí a kò sì tíì sọ fún pé ó ní in, lè wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90, ẹ rí dókítà. Ẹ dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù. Ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ara yíyá kọ́ ni ẹ̀rí, ohun tí Mahomed fi hàn wá nìyẹn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí Olódùmarè fún gbogbo wa ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Àṣẹ.