Ìlànà Oúnjẹ Sísè: Láti Ẹ̀gbẹ́ Ààrò Dé Inú Ẹ̀rọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì ní ikùn àgbà. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni wọ́n ń fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n bí a bá mú un bí ó ṣe wà gan-an, ó bá ìtàn ìdáná wa mu. Fún ìgbà pípẹ́, inú àti ọwọ́ àwọn àgbà obìnrin ni ìmọ̀ ọbẹ̀ ń gbé. Ọmọbìnrin kì í béèrè pé ṣíbí mélòó. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ó ń jókòó sí, tí ó ń wòye, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn ìlú Afijió, Fìdítì àti Ìlọràá pàápàá, jẹ́ ibi tí ó dára kí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, níbi tí igbó ti ń bọ́ sí ọ̀dàn. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí agbègbè náà, wọn kò sì fi àṣà ìdáná wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Lónìí, ta ni ó gba Fìdítì kọjá tí kò rí ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà? Ìlọràá ní tirẹ̀ wà lára àwọn ibi tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1960. Èlùbọ́ àti láfún kì í wọ́n nílé wọn.

Nígbà tí ìwé dé, orúkọ oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kì í ṣe bí a ti ń sè é. Ìwé ọ̀rọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní ọdún 1843 jẹ́ irú bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún 1957 kí ilé-iṣẹ́ Longmans tó tẹ ìwé ìdáná Miss Williams jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì rò pé a kò tíì yìn ín tó; ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ni a fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Àwa a máa ro ọkà, a máa gún iyán, a máa tẹ ẹ̀bà, a máa po ògì, a sì máa ja ewédú. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ní irinṣẹ́ tirẹ̀: orógùn ni ti ọkà, ọmọ odó ni ti iyán, ìjábẹ̀ ni ti ewédú. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ja" ti mọ ohun tí yóò mú lọ́wọ́ àti bí apá rẹ̀ yóò ṣe máa lọ. Bí a bá kó gbogbo wọn sábẹ́ "pò ó pọ̀," ọbẹ̀ ti sọ ìdajì ìmọ̀ rẹ̀ nù.

Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí a sì ń pè ní Fátúmbí, rí ohun kan náà nínú egbòogi. Nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tí ó jáde ní Brazil ní ọdún 1995, ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá orúkọ ewé náà jọra ní ìró. Ẹni tí ó bá kọ ewé sílẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, koríko lásán ni ó kọ.

Lẹ́yìn ìwé ni áàpù dé, irú Paprika àti Mealie, tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú ìlànà oúnjẹ. Àpótí ni ó wà nínú wọn: ti orúkọ, ti èròjà, ti ìwọ̀n, ti àkókò. Ṣùgbọ́n kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì, "iyọ̀ díẹ̀" kò sì ní òǹkà. Ohun tí kò bá wọ inú àpótí, ìta ni ó ń sùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ChatGPT jáde, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà tí wọ́n pè ní Model Context Protocol síta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè na ọwọ́ wọ inú áàpù mìíràn, kí ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì kọ ọ̀tun sí i bí oní-nǹkan bá yọ̀ǹda. Ọmọ Ìlọràá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè pé, "Kí ni mo lè sè lálẹ́ òní?" kí ẹ̀rọ náà sì lọ wo inú ìlànà tí ìyá rẹ̀ kà sí i létí lórí fóònù. Èyí sàn ju kí ó máa fi ìméfò dáhùn.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe kọ ohun tí ó fẹ́ kà? Bí ọmọ náà bá kọ "obe" láìfi àmì sí i, ṣé ọbẹ̀ ni àbí ọ̀bẹ? Ṣé iyán ni "iyan," àbí ìyàn, àbí iyàn? Kódà bí ó bá fi àmì sí i, kọ̀ǹpútà kò ní ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹnì kan lè fi àmì òkè lé orí ẹ, ẹlòmíràn lè fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ é. Ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́ dáadáa yóò ní ọ̀rọ̀ méjì ni. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè yìí ti ń pariwo àmì ohùn láti ìgbà àkọtọ́ ọdún 1974. Ta ni ó mọ̀ pé ilé ìdáná ni yóò ti wúlò tó báyìí?

Ọ̀rọ̀ náà kọjá adùn. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Májèlé wà nínú rẹ̀, rírẹ àti gbígbẹ ni ó sì ń mú un kúrò kí ó tó di láfún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayọde Ọṣuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àrùn iṣan ara kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì so ó mọ́ ẹ̀gẹ́ tí májèlé inú rẹ̀ kò tán. Bí àkọsílẹ̀ bá fo ọ̀rọ̀ rírẹ, nítorí pé lójú ìyá kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè rẹ̀, ẹ̀rọ lè fi ohun tí ó bá wù ú dí àlàfo náà. Kò ní sọ pé òun ò mọ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo rí tí ó ń fún mi nírètí. Ẹ̀rọ tuntun yìí lè ka àlàyé gígùn, èyí tí àpótí àtijọ́ kò lè ṣe. Nínú áàpù, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní àkíyèsí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ibẹ̀ ni ìyá ti lè sọ ọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́ nílé: pé bí ooru bá mú, ẹ̀gẹ́ á tètè rọ̀ nínú omi, bí ọyẹ́ bá wà, á pẹ́, pé kí a má ka ọjọ́ nìkan, kí a fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi rọ̀ dé inú, kí a tó kó o jáde, kí a tó sá a.