Láti Igbó Zika dé Recife: Ìtàn Ibà Kékeré Kan

Bí a bá dárúkọ ẹ̀fọn, màláríà ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Nínú kíláàsì Báyọ́lọ́jì wa, ẹ̀fọn Anopheles nìkan la yà sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn máa ń gbé ẹrù mìíràn, ìyẹn àwọn fáírọ́ọ̀sì tó lè wọ inú ọpọlọ. Zika jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó mú mi yan ìtàn rẹ̀ ni pé àmì ibi tó lè ṣe ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún kí ayé tó kà á sí.

Zika ni orúkọ igbó kan nítòsí ìlú Entebbe ní Ùgáńdà. Lọ́dún 1947, àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ibà pọ́njú gbé ọ̀bọ sínú àgò lórí igi níbẹ̀, kí ẹ̀fọn lè jẹ wọ́n. Ní oṣù kẹrin, ara ọ̀bọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 766 gbóná. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ sínú ọpọlọ àwọn eku. Bí wọ́n ṣe ń wá fáírọ́ọ̀sì nígbà náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú eku ṣe mí. Àwọn eku náà ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibà pọ́njú ló ṣe wọ́n. Àrùn tuntun ni. Lọ́dún 1948, wọ́n rí i lára ẹ̀fọn inú igbó náà. Nígbà tí George Dick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1952, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọpọlọ ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá jà lára eku.

Kí ló dé tí ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni? Ìdí ni pé bíi ènìyàn mẹ́rin nínú márùn-ún tí Zika bá wọ ara wọn kì í mọ̀ rárá. Ibà fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò mú ẹni karùn-ún, ara rẹ̀ á sú, ojú rẹ̀ á pọ́n, oríkèé á máa ro ó, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ó ti tán. Ó sì wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Láàárín 1971 sí 1975, wọ́n ṣe ìwádìí ní agbègbè mẹ́rin ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A. H. Fagbami ti Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 1979. Ènìyàn méjì tí ibà wọn kò le ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà gbà. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ti bá Zika jà rí. Mo dá mi lójú pé màláríà ni ọ̀pọ̀ wọn pè é.

Aedes aegypti ni ẹ̀fọn tó ń gbé e káàkiri ìlú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun, ọ̀sán ló ń jẹni, inú omi agolo àti táyà ló ń yé sí. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti Áfíríkà ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀fọn náà ti wà ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ, tipẹ́tipẹ́ kí Zika tó dé. Fáírọ́ọ̀sì náà kò gba ọ̀nà yẹn ní tirẹ̀. Éṣíà ló gbà, ó dé erékùṣù Yap nínú Òkun Pàsífíìkì lọ́dún 2007, ó dé French Polynesia lọ́dún 2013, kí wọ́n tó dá a mọ̀ ní Bahia lọ́dún 2015.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn dókítà ọmọdé ní ìlú Recife, Vanessa van der Linden wà lára wọn, rí i pé àwọn ọmọ tuntun tí orí wọn kéré jọjọ ti ń pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè, ọ̀pọ̀ rántí pé ara àwọn sú nígbà tí àwọn wà nínú oyún. Ní ìpínlẹ̀ Paraíba, Adriana Melo fa omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ àwọn aboyún méjì. Zika wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé.

Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń gba inú ibi kọjá sára ọmọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí ó bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń wọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Egungun orí ọmọ kì í fẹ̀ fúnra rẹ̀, ọpọlọ tó ń dàgbà ló ń tì í síta. Bí ọpọlọ kò bá dàgbà, orí á kéré.

Ṣé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Áfíríkà? Àwọn onímọ̀ kan sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọbìnrin wa ti ní Zika ní kékeré, kí ara wọn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń lé e kí wọ́n tó lóyún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo tún ń wo ọ̀nà mìíràn: ta ló ń fi tépù wọn orí ọmọ tuntun ní abúlé láyé ìgbà yẹn, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ní Recife, àwọn dókítà rí ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlú ńlá kan, wọ́n sì bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn kò lè rìn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, àwọn ìyá wọn ló ṣì ń gbé wọn. Kò tíì sí oògùn tó ń pa Zika, kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un.